Ẹ́ńjìnnì tuntun, gíà àtijọ́: bí ẹ ó ṣe ṣe ṣáàfù tí yóò so wọ́n pọ̀ lórí katakátá agékoríko

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí koríko sì ti ń dàgbà ju ohun tí àdá lè ká lọ: "Ẹ́ńjìnnì katakátá agékoríko wa ti nọ́ọ̀kì. A ti ra ti Ṣáínà, HP 13, àmọ́ ṣáàfù kò pàdé. Báwo la ó ṣe ṣe é?" Àwọn tó ń tọ́jú pápá ilé-ìwé ń béèrè, àwọn onílé-ìtura ń béèrè. Ẹnì kan tilẹ̀ ti Ìlẹ́sà wọ ọkọ̀ èrò wá bá mi ní Lágere n'Ílé-Ifẹ̀, ó wé ṣáàfù tirẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni gbé iṣu wá kí àna. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu títí ẹnu ń ro mí. Ó tó kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Katakátá kékeré tí ọ̀pá irin ti gba abẹ́ ìjókòó, láti ìdí ẹ́ńjìnnì lọ tààrà sínú gíà ẹ̀yìn, ni mò ń sọ. Ọ̀pá yẹn ni mò ń pè ní ṣáàfù. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá á pè é ní púròpẹ́là. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ló ń wa tiyín, iṣẹ́ yín rọrùn ju èyí lọ. Ẹ wá ẹ́ńjìnnì tí ẹnu ṣáàfù rẹ̀ (góńgó irin tó yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé agbára jáde) dojú kọ ibi tí ti àtijọ́ dojú kọ, ẹ wá púlì tó tóbi tó ti àtijọ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

Kí owó tó jáde lápò: ibo ló ń yí sí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n ṣáàfù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì kàbùkù. Ìyípo ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí ó bá yí sí òdìkejì, kò sí bí tánà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lééètì gbẹ́ irin) ṣe lè gé irin tó tí yóò tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà lọ́jà, bíi Honda GX390 àti gbogbo àwọn tí Ṣáínà fi jọ ọ́, ń yí lòdì sí ọwọ́ aago, bí ẹ bá dúró síwájú ẹnu ṣáàfù rẹ̀ tí ẹ kọjú sí i. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi okùn tí a fi ń fà á, ẹ ó rí i pé ó ń bá ọwọ́ aago lọ. Ìyípo kan náà ni. Ojú tí ẹ fi ń wò ó ló yàtọ̀.

Ibí ni wàhálà wà. Lórí àwọn katakátá agékoríko Cub Cadet àtijọ́ tí International Harvester ṣe, ẹ̀gbẹ́ fláíwíìlì ẹ́ńjìnnì (irin wúwo róbótó tó ń yí ní òdìkejì ẹnu ṣáàfù) ló dojú kọ ìjókòó. Láti ara fláíwíìlì ni ṣáàfù ti ń gba agbára lọ sí gíà, ẹnu ṣáàfù gangan sì wà níwájú, tó ń wa abẹ agékoríko. Ẹ wá ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ yí ẹnu ṣáàfù rẹ̀ kọ ìjókòó nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn láti so: ẹ ti yí gbogbo nǹkan padà nìyẹn. Gíà olóókan-méjì-mẹ́ta yóò fún yín ní mẹ́ta tó ń lọ sẹ́yìn àti ẹyọ kan tó ń lọ síwájú. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Mo gbé katakátá náà sílẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín, mo ki í sí gíà kìíní, ó sì fi ìdí rìn wọ inú òdòdó ìyàwó rẹ̀. Bàbá náà wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé edé lo sọ ọ́ dà ni?"

Ti gíà olóyìlì, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé ọ̀pá kan lẹ ń tì síwájú tàbí sẹ́yìn, burú jùyẹn lọ. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fún un lóyìlì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni pọ́ǹpù yẹn mọ̀. Ẹ yí i sí òdì, òyìlì kò ní dé ibi tó yẹ, gíà náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Owó gíà yẹn lè ju owó ẹ́ńjìnnì lọ.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀:

1. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sára ṣáàfù, níbi tí ojú yín ti lè rí i láti ọ̀nà ìjókòó.
2. Ẹ lo sítátà tàbí okùn láti yí i díẹ̀. Bó bá ti gan pátápátá, ibi tí okùn wé sí lára fláíwíìlì yóò sọ ibi tó ń yí sí.
3. Ẹ dúró sídìí gíà, ẹ kọjú síwájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ó ń bá aago lọ, tàbí ó lòdì sí aago.
4. Ẹ ṣe bákan náà fún tuntun, ní ojú ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí gan-an, kí ẹ tó san owó rẹ̀.

Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ lọ sí ìsọ̀rí tó kàn. Bí wọn kò bá bára mu, ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo gbé ẹ́ńjìnnì tuntun bí ti àtijọ́ ṣe wà, fláíwíìlì sọ́dọ̀ ìjókòó, kí tánà wá ṣe fílánjì kan (irin pẹlẹbẹ róbótó oníhò bóòtì) tí a ó dè mọ́ àárín fláíwíìlì. Èyí túmọ̀ sí pé okùn ìfà yóò kúrò, nítorí náà ẹ ra èyí tó ní sítátà oníbátìrì. Ẹ sì ṣọ́ra: ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn tútù ni ihò ìdérí fláíwíìlì. Bí fílánjì yín bá dí i, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí yóò fi tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ lọ sọ́run. Ọ̀nà kejì ni kí a fi gíà méjì tó tóbi bákan náà sáàárín kí ó yí ìyípo padà. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó nílò àpótí, òyìlì àti bíárìn mẹ́rin. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wo ni kí ẹ rà?

Ẹnu ṣáàfù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé, kí ó ní ojú kíì, ìyẹn kòtò tóóró tí kíì, irin kékeré onígun mẹ́rin, ń jókòó sí kí ohun tí a so mọ́ ṣáàfù má baà yí lásán. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú lára jẹnẹrétọ̀ ni ẹnu ṣáàfù wọn ṣonṣo bí ẹnu ọ̀pá ìgò. Owó wọn kéré, ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi fẹ́níà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun kéékèèké) wọn ẹnu ṣáàfù náà fúnra yín. Ẹni tó ń tà á yóò sọ pé "íǹṣì kan ni." Íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm. Ọ̀pọ̀ ti Ṣáínà jẹ́ 25 mm géérégé. Ìyàtọ̀ 0.4 mm dà bí bébà mẹ́rin tí a tò léra, ojú kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n ní ìyípo ìgbà 3600 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́pílìnì (irin ìsopọ̀) oníhò íǹṣì kan lórí ṣáàfù 25 mm yóò máa gbọ̀n títí yóò fi jẹ ojú kíì run. Kíì wọn náà kì í sábà jẹ́ ìwọ̀n kan náà: ti oníǹṣì kan jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn 6.35 mm, ti onímílímítà yàtọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún wo ihò tó wà ní góńgó orí ṣáàfù. Ti oníǹṣì kan sábà máa ń gba bóòtì 3/8 oníjàá kéékèèké. Bóòtì yẹn wúlò fún yín níwájú.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Fẹ́níà, tépù, rúlà irin tó gún dáadáa
- Jáàkì àti igi ńlá mẹ́rin láti fi gbé ẹ̀yìn katakátá sókè
- Pátákó irin tó nípọn 8 mm fún ìjókòó ẹ́ńjìnnì
- Àwọn pẹlẹbẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́, 0.5 mm, 1 mm, 2 mm (agolo tí a gé náà ń ṣiṣẹ́)
- Bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Ti àwọn kánpẹ́ńtà kò tó
- Kíì tuntun. Ẹ má gé ìṣó fi rọ́pò rẹ̀
- Gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú
- Ṣáàfù àtijọ́. Bí ó ti wù kó bàjẹ́ tó, ẹ má tà á fún àwọn akóńdẹ̀mù

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọ̀n kí ẹ tó tú

Gíà kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ́ńjìnnì ló ń wá bá a. Gbogbo ìwọ̀n yín gbọ́dọ̀ ti ìdí gíà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti iwájú bí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ṣe máa ń ṣe.

1. Ẹ wọ̀n láti orí férémù katakátá dé àárín gbùngbùn ṣáàfù tó wọ inú gíà.
2. Ẹ wọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ férémù ọ̀tún, àti ti òsì, dé àárín kan náà.
3. Ẹ wọ̀n láti ojú fílánjì gíà dé ojú fílánjì ẹ́ńjìnnì àtijọ́.
4. Ẹ kọ ibi tí púlì abẹ agékoríko wà sílẹ̀, bó bá jẹ́ pé láti ara ẹ́ńjìnnì kan náà ló ti ń gba agbára.
5. Ẹ ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó ti gbàgbé ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìjókòó ẹ́ńjìnnì

Ẹ yọ bátìrì, ẹ fa gbogbo bẹntiróòlù jáde, kí ẹ sì gbé táǹkì rẹ̀ jìnnà kí wẹ́dà tó dé.

Ẹ gé pátákó irin tó lè gba ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò bóòtì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ róbótó. Ẹ jẹ́ kó gùn bí ojú bọ́tìnì, ihò tó wà lórí pátákó ní òòró, èyí tó wà lórí férémù ní ìbú. Báyìí lẹ ó ṣe lè ti ẹ́ńjìnnì síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, láìtún gé ohunkóhun. Ẹni tó bá lu ihò róbótó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò fi fáìlì ṣe ọjọ́ kejì.

Irú ẹ́ńjìnnì bíi GX390 yìí wúwo tó kílò 31. Ẹni méjì ni kó gbé e. Ẹ sì wo ibi tí sáìlẹ́ńsà dojú kọ: tó bá ń fẹ́ iná sí táǹkì tàbí sí wáyà, ẹ yí i kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí àárín bá àárín

Bí ẹ ó bá lo ọjọ́ kan fún gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ fi ìdajì rẹ̀ síbí. Ṣáàfù tí tánà ṣe dáadáa yóò ṣì bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹ́ńjìnnì bá ń wo ọ̀nà Ondó tí gíà ń wo ọ̀nà Ìbàdàn.

Ọgbọ́n tí mo ń lò kò náni lówó. Ẹ wá ọ̀pá irin tó gún dáadáa, kí ó gùn tó àlàfo àárín gíà àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ dè é mọ́ àárín fílánjì gíà kí góńgó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan góńgó ṣáàfù ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ yí gíà díẹ̀díẹ̀. Góńgó ọ̀pá náà yóò máa yí òbìrí kékeré kan. Àárín òbìrí yẹn ni ibi tí gíà ń wò ní tòótọ́. Ibẹ̀ ni kí àárín ṣáàfù ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ fi pẹlẹbẹ irin sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ tì í, ẹ fà á, títí yóò fi débẹ̀.

Èyí nìkan kò tó, nítorí àárín lè bá àárín kí orí ẹ́ńjìnnì ṣì tẹ̀. Ẹ so ọ̀pá kan náà mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí òun náà tọ́ka sí gíà. Bí àwọn méjèèjì bá tọ́ka síra wọn dáadáa, ẹ ti ṣe é.

Báwo ni àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó? Ó dá lórí irú orúnkún (ibi tí ṣáàfù ti lè tẹ̀) tí ẹ fẹ́ lò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òdiwọ̀n tẹ́ ẹ lè fi rúlà wò. Lórí ṣáàfù tó gùn ní 50 cm tó ní orúnkún lórí méjèèjì, ìyàtọ̀ gíga 1 cm láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ń mú kí orúnkún kọ̀ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ ju dígírì 1 lọ. Ìyàtọ̀ 2.5 cm ń mú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 3. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró ní ìyípo 3600.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irú orúnkún wo?

Rọ́bà. Rọ́bà róbótó oníhò mẹ́fà tó wà láàárín fílánjì méjì, irú èyí tó wà lára púròpẹ́là Mercedes àtijọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í fa gíà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń lù ú ni, rọ́bà sì ń gba lílù yẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò fẹ́ títẹ̀. Dígírì 1 ni kí ẹ fi ṣe òpin. Àwọn fílánjì kò sì gbọ́dọ̀ kan ara wọn bí rọ́bà bá já.

Kúrọ́ọ̀sì, orúnkún irin tó rí bí àgbélébùú láàárín fọ́ọ̀kì méjì. Bí ẹ kò bá lè mú ẹ́ńjìnnì wá sí ojú kan náà pẹ̀lú gíà, kúrọ́ọ̀sì méjì ló kàn. Ibi tó dára jù tí ẹ ó ti rí i ni abẹ́ kòròpé tó ti kú. Ẹ̀yìn ni kòròpé ti ń wakọ̀, nítorí náà ó ní púròpẹ́là. Kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, agbára tó sì ń gbà lójoojúmọ́ ju HP 13 lọ. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ gba fílánjì tó wà lẹ́nu dífù rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó bú ara yín bí ẹ bá gbàgbé.

Òfin mẹ́ta ni kúrọ́ọ̀sì ní:

1. Méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹyọ kan tó tẹ̀ yóò máa sáré, yóò máa fà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan.
2. Fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lára ṣáàfù gbọ́dọ̀ sùn ní ìtẹ́lẹ̀ kan náà. Ẹ gbé ṣáàfù sórí tábìlì: bí fọ́ọ̀kì kan bá dùbúlẹ̀ tí èkejì dìde dúró, kò tọ́.
3. Títẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹ́ńjìnnì àti gíà sì gbọ́dọ̀ wà ní ìlà méjì tó ń bá ara wọn rìn láìpàdé. Ẹ fi ìtẹ̀ díẹ̀, bíi ìdajì dígírì, sílẹ̀. Bíárìn abẹ́rẹ́ inú kúrọ́ọ̀sì tí kò yí rárá yóò gbẹ́ ihò sójú kan.

Kúrọ́ọ̀sì sitiárìn ńkọ́? Àwọn ènìyàn ń lò ó nítorí pé ó kéré, ó sì pọ̀ ní kóńdẹ̀mù. Ẹ má lò ó. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lọ́dọ̀ tánà

Tánà yóò ṣe ohun tí ẹ bá sọ, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ya àwòrán, ẹ kọ ìwọ̀n sí i ní mílímítà, kí ẹ sì gbé ẹ̀rí lọ: kíì, rọ́bà tàbí fílánjì tí yóò bá a pàdé, àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà bá jọ ọ́. Tó bá jẹ́ àsìkò Ọlọ́jọ́ lẹ lọ ní Ifẹ̀, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ kún un. Ọdún Ògún ni, àwọn oníṣẹ́ irin ló ni í.

Fílánjì tí yóò wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì: ihò rẹ̀ bá ìwọ̀n tí fẹ́níà sọ mu, kí ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ àti títa igi díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrú ju 40 mm, kí ó má sì tín-ín-rín ju 45 mm. Ojú fílánjì, 10 mm.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó tan ẹ̀rọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u kúrò lẹ́nu lééètì kí ẹ tó parí ihò àti ojú rẹ̀." Bó bá tú u, tó tún un dè, ihò àti ojú kò ní dúró gún mọ́ra wọn mọ́, fílánjì yóò sì máa jó bí ẹni gbọ́ dùndún. Bàbá tánà tí èmi ń lọ bá máa ń dá mi lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mo sì tún un sọ.

Irin wo? Ọ̀pá irin ilé, èyí tí bíríkìlà fi ń de kọnkéré, kò dára. Kò róbótó, a kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àáfù-ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí taya) mọ́tò tó ti kú dára púpọ̀, ṣùgbọ́n awọ òde rẹ̀ le, ó ń fọ́ ọ̀bẹ lééètì. Ẹ béèrè bóyá tánà ní ọ̀bẹ tó lè gé e kí ẹ tó gbé e dé.

Bí ó bá jẹ́ pé ṣáàfù àtijọ́ lẹ fẹ́ fi wẹ́dà mú gùn, tàbí púròpẹ́là kòròpé lẹ fẹ́ gé kúrú, ọ̀nà rẹ̀ rèé:

1. Kí tánà gé e, kí ó gbẹ́ orí kan kí ó lè ki bọ inú ìkejì, ó kéré tán 25 mm. Ẹ má lẹ orí mọ́ orí lásán.
2. Kí ó gé etí méjèèjì dagun kí iná wẹ́dà lè wọlé.
3. Ẹ wo fọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan sí i.
4. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ ní ojú mẹ́rin péré. Ẹ dá a padà sórí lééètì, ẹ yí i, ẹ fi òòlù tọ́ ọ.
5. Kí ó wá wẹ́ ẹ díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì. Ẹni tó bá wẹ́ ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan náà yóò bá a ní títẹ̀.
6. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i.

Bí ẹ kò bá sì lè yẹra fún wíwẹ́ nǹkan lórí katakátá fúnra rẹ̀, ẹ fi kílíìpù wẹ́dà mú irin tí ẹ ń wẹ́ gan-an. Bí ẹ bá fi mú férémù níwájú tí ẹ sì ń wẹ́ lẹ́yìn, iná náà yóò gba inú bíárìn kọjá, yóò sì jó o ní kókó-kókó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni bíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á.

Ṣé ṣáàfù 25 mm tó?

Ó tó. HP 11.7 tí Honda kọ fún GX390 jẹ́ 8.7 kW. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9550, ẹ pín in sí 3600: 23 Nm, ìyẹn agbára tó ń lọ́ ṣáàfù. Ìlù ẹ́ńjìnnì àti ìgbà tí ẹ bá tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì lè sọ ọ́ di ìlọ́po mélòó kan, ṣáàfù náà yóò ṣì gbé e. Kíì àti bóòtì ló ń kọ́kọ́ já.

Gígùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ̀pá gbọ́ndan (tí kò ní ihò nínú) 25 mm tó gùn ní 50 cm kò ní ìṣòro ní ìyípo 3600. Èyí tó gùn ní mítà 1 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí okùn gọ̀jẹ́ kí ó tó dé 3600. Bí tiyín bá ju 70 cm lọ, ẹ lo páìpù púròpẹ́là, kì í ṣe ọ̀pá gbọ́ndan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tò ó

1. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa ẹnu ṣáàfù. Ẹ kó kíì sí ojú rẹ̀. Ẹ ti fílánjì wọlé. Ẹ má fi òòlù irin lù ú. Bíárìn kíráńkì (ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì) ló ń jẹ ìyà rẹ̀.
2. Ẹ fi wáṣà tó nípọn àti bóòtì de góńgó orí rẹ̀. Bóòtì kékeré ẹ̀gbẹ́, ẹyọ kan lórí kíì, ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù sí gbogbo rẹ̀.
3. Ẹ fi àyè 2 mm sílẹ̀ kí ṣáàfù lè sún síwá-sẹ́yìn. Férémù ń tẹ̀ nígbà tí katakátá bá wọ kòtò. Bí kò bá sí àyè, kíráńkì ni ṣáàfù yóò máa tì. Oníkúrọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń wọra wọn.
4. Ẹ dé ṣáàfù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdérí irin. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Etí ìró, okùn ṣòkòtò, etí agbádá baba ìjọ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wà á wò: ṣáàfù kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

Wáyà, lẹ́sẹ̀ kan: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń gba iná bátìrì kó tó ṣiṣẹ́. Ti tuntun ní magnẹ́ẹ̀tò, kò nílò rẹ̀. Wáyà tó ń pa á gbọ́dọ̀ kan férémù nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, kò sì gbọ́dọ̀ kan iná bátìrì láéláé. Ẹ fi 12 V kàn án lẹ́ẹ̀kan, kọ́ìlì ti lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò

Ẹ kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì láìso ṣáàfù mọ́ ọn, kí ẹ lè mọ bó ṣe máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ rántí fi òyìlì sí i. Tuntun ń dé ní gbígbẹ, GX390 sì ń gba lítà 1.1.

Ẹ wá so ṣáàfù. Ẹ gbé taya ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀ sórí igi, gíà ní òfo. Ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfù. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó máa rọra lọ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á. Ẹ fọwọ́ kan orúnkún méjèèjì lẹ́yìn tó bá ti dúró pátápátá: kò yẹ kó gbóná. Ẹ tún tan án, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ẹ ó gbọ́, àti ohun tó túmọ̀ sí:

- Ó ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, gbígbọ̀n náà sì ń pọ̀ bí ó ṣe ń sáré sí i: ṣáàfù tẹ̀ tàbí fílánjì kò gún.
- Ó dákẹ́ nísàlẹ̀, ó gbọ̀n ní ibì kan ṣoṣo, ó tún dákẹ́: ìjókòó ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ̀n. Ẹ fi irin kún un.
- Ó ń ró kọ-kọ-kọ nígbà tí ẹ bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀: kíì ti tú, tàbí ihò ti tóbi jù.
- Ó ń hu bí ìjì: fọ́ọ̀kì kò bára mu.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí rárá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà láti bọ́ọ̀ sílíńdà àtijọ́ (kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀), kí wọ́n fi písítìnì àti ríngì tuntun sí i. Bí irin ara rẹ̀ kò bá fọ́, tí pátì rẹ̀ sì wà ní Àràrómì n'Íbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, títún un ṣe lè dín owó kù ju ẹ́ńjìnnì tuntun, tánà, wẹ́dà àti ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lọ. Èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá písítìnì ti lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.

Lẹ́yìn wákàtí kìíní tí ẹ bá fi gé koríko, ẹ tún gbogbo bóòtì dè, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ẹ wolẹ̀ sábẹ́ katakátá. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun dúdú tó ń bọ́ lábẹ́ rọ́bà, rọ́bà náà kọ́ ló bàjẹ́, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ tú pẹlẹbẹ irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ mú ọ̀pá yẹn jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ kẹta lákọ̀tun.